Fọ́nrán Dúdú Mẹ́fà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí òkun tó gbé ilé ìwé wa lọ, nítorí náà ẹ má wá Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹ má sì wá ọ̀rọ̀ ńlá. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ni màá ṣe kọ ọ́. Ohun tí mo lè ṣèlérí fún yín ni pé òótọ́ ni. Kì í ṣe àlọ́, kì í ṣe pé ẹnìkan ló sọ fún ẹnìkan. Ó ṣojú mi, ó sì kàn mí. Tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ti kàn mí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Akàn, ẹ̀rọ Ìgbìmọ̀ Omi, ń bọ̀ wá ka ẹní, Oríyọmí ti kúnlẹ̀ sí etí pákó kí oòrùn tó là dáadáa, ó ti ọ̀pá bọ omi dé ìgúnpá, ó ń retí ohun tí ọ̀pá máa wí. Ọ̀pá yẹn kì í kánjú. Inú òkú fóònù ayé àtijọ́ ni wọ́n ti tú nǹkan tó wà nínú rẹ̀ jáde, ohùn obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló sì ń fi sọ̀rọ̀, ohùn tó máa ń fà bíi ti ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. Oríyọmí dijú. Bí ọ̀pá bá wí ohun tó wí lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn, kò mọ ohun tóun máa ṣe.

"Omi ń mí," ọ̀pá wí.

Oríyọmí náà wá mí. Funfun nìyẹn. Ọjọ́ kẹwàá lé nígba, èyí tó kẹ́yìn, funfun ni. Ó fa ọ̀pá yọ, ó nù ún sára aṣọ rẹ̀, ó sì mú fọ́nrán koríko kan tí wọn ò pa láró rárá, ó kì í sí abíyá, ó gba ilé lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Ẹnu rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Orí-Àgbá ni gbogbo wa ń gbé, ìlú tó dúró lórí àwọn àgbá búlúù tí a so mọ́ra, ilé lórí pákó, pákó lórí àgbá, àgbá lórí omi. Ṣéènì mẹ́rin ló mú wa dúró, wọ́n so wọ́n mọ́ òpó ṣọ́ọ̀ṣì àwọn baba wa tó ti rì sísàlẹ̀. Tí ìgbì bá jà, a máa ń gbọ́ bí ṣéènì ṣe ń ha òpó náà, àwọn àgbàlagbà á ní, "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìsìn." A fi ń rẹ́rìn-ín ni. Omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa kò jìnnà sí wa ju kí èèyàn tẹ̀ kó fọwọ́ kàn án lọ.

Ẹni tó kọ́ Oríyọmí ní ọ̀pá ni Àǹtí Mọrádéùn. Tíṣà ni, ó wá láti Òkè-Ilẹ̀, ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ kù sí, lọ́dún mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òun nìkan pẹ̀lú báàgì kan. Ilé ìwé Òkè-Ilẹ̀ kì í gba ọmọ orí omi. Kì í ṣe pé ẹnìkan dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń lé wọn o. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni kì í ṣí. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà ilẹ̀, ilẹ̀kùn ò rí i, á kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò sí láyé. Ilẹ̀ tiwa sì ti wọ òkun, ibo la ti fẹ́ rí nọ́ńbà?

Lọ́jọ́ tí Àǹtí Mọrádéùn kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ jọ, àwọn méjìlá, a rò pé ìwé ló máa mú jáde. Kò mú ìwé kankan jáde. Ó bi wọ́n pé kí ni ìyá wọn ń fi ọwọ́ ṣe nílé. Wọ́n ní ẹní ni wọ́n ń hun. Ó ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká hun omi. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojúmọ́ kan, fọ́nrán kan. Tí omi bá dáa, fọ́nrán funfun. Tí iyọ̀ bá ti borí rẹ̀, fọ́nrán aró. Tí ọ̀pá bá ní omi ò mí, pé kò sí atẹ́gùn kankan nínú rẹ̀ tí ẹja lè fi gbé ayé, fọ́nrán dúdú, èyí tí wọ́n rì sínú ẹrẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó tún kọ́ wọn pé kì í ṣe àwọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, àlàfo tó wà láàárín àwọ̀ kan àti ìkejì rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ.

Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B á dúró níwájú rẹ á máa sọ fún ọ ìdí tí iyọ̀ fi ń wọlé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ayé ṣe rí. Baba ẹni yìí ní kó wá bá òun ta àwọ̀n, ìyá ẹni tọ̀hún bímọ, ẹní ẹlòmíràn ṣubú sómi. Nígbà tó máa fi di igba ọjọ́, Oríyọmí nìkan ló kù.

Òun nìkan la sì gbójú lé. Òfin Ìgbìmọ̀ Omi kò gùn, àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n bí àdúrà: Ìlú orí omi tí kò bá ní ẹlẹ́rìí, ìlú náà kò sí. Ìlú tí kò bá sí, a ó tú u. Ẹlẹ́rìí yìí, ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ ni, kó má tíì pé ogún ọdún, kó ti fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ omi fún igba ọjọ́ ó lé mẹ́wàá. Òkè-Ilẹ̀ ń fi ẹ̀rọ tí ọmọ ń gbé kọ́ ọrùn kọ tiwọn sílẹ̀. Ọdún kan gbáko ni Àǹtí Mọrádéùn fi kọ lẹ́tà kí wọ́n tó gbà pé ẹní náà lè jẹ́rìí. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní Akàn máa kà á, tí ó bá sì yàtọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ sí ohun tí ojú tiwọn rí, kò sí ẹlẹ́rìí, ọjọ́ méje la ní kí wọ́n tó já ṣéènì wa.

Ẹ wá fojú inú wo Oríyọmí bó ṣe wọlé láàárọ̀ náà, tó ki fọ́nrán tó kẹ́yìn bọ àyè rẹ̀, tó dì í létí, tó wá tẹ́ ẹní náà sílẹ̀ láti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn títí dé ìdí ààrò kó lè wò ó tán lẹ́ẹ̀kan.

Ẹní náà dán. Ó tẹ́jú. Funfun, aró, funfun, aró, bí omi ẹ̀bá ọ̀sà nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó fi ojú wá dúdú, kò rí i. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka ka á láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó dé ọgọ́ta, ibi tí dúdú àkọ́kọ́ yẹ kó wà. Funfun ló bá níbẹ̀. Ó tún lọ síbi ìkejì. Funfun. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti lọ, ojú ibi tí wọ́n wà sì jọ pọ̀ débi pé bí kì í bá ṣe òun ló hun ún, ì bá búra pé wọn ò sí níbẹ̀ rí.

Ìyé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń mu ẹ̀kọ. Ìyé la máa ń pe ìyá létí òkun níbí. Ìyá tó bí ìyá Oríyọmí ni, òun ló sì tọ́ ọ láti kékeré. Kò sí ahunní tó ń jẹ́ ahunní ní Orí-Àgbá tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́.

"Ìyé, ta ló fọwọ́ kan ẹní mi?"

"Ta ni ì bá tún fọwọ́ kàn án?" Ìyé gbé abọ́ ẹ̀kọ sílẹ̀. "Lánàá, nígbà tó o lọ fọ èbúté fún àwọn àlejò. Ọwọ́ rẹ yẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo bá ọ tún un ṣe. Má dúpẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín ẹni tó ti ṣe ọmọ rẹ̀ lóore ni.

Oríyọmí ṣáà ń wo ọwọ́ Ìyé, ọwọ́ tó rí bí gbòǹgbò igi ẹ̀gbà. Ìyé rò pé inú rẹ̀ ló dùn jù. Ó ní àwọn aró yẹn dáa, wọ́n wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọnà ni wọ́n, òun rí i pé ọmọ òun ní ojú ọnà. Ṣùgbọ́n dúdú kan níbí, dúdú kan lọ́hùn-ún, láìlórí láìnídìí, ṣé òun á jókòó kí ará Òkè-Ilẹ̀ wá máa wò ó, kí wọ́n máa sọ pé ọmọ orí omi ò mọ ẹní í hun?

Ẹ gbọ́ o, kò sí ẹni tó ṣe búburú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dọ̀ àwọn ahunní wa, ẹní kì í jáde lọ bá àlejò láìjẹ́ pé ọ̀gá ti fọwọ́ rà á lójú kó tún ibi tó yẹ̀ ṣe. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ kì í béèrè pé kí lẹ yọ, kì í sì í tú u. Ẹni tó bá tú àtúnṣe ọ̀gá rẹ̀, ó ti kéde pé ọwọ́ ọ̀gá ti kú, láti ọjọ́ náà lọ ọ̀gá ò ní í fọwọ́ kan koríko mọ́. Òkun ti gba ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́ Ìyé. Koríko ló kù fún un. Ẹ̀bi tó wà níbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ pè é lẹ́bi, ti Oríyọmí ni: fún gbogbo igba ọjọ́ yẹn, kò jókòó lẹ́ẹ̀kan kó ṣàlàyé fún ìyá àgbà ohun tí dúdú jẹ́. Ó rò pé ìwé ni. Ìyé ò sì kàwé.

"Àwọn tẹ́ ẹ yọ ńkọ́?" ló bi í níkẹyìn.

"Abẹ́ ìrọ̀rí mi. Ta ní ń da koríko nù nígbà tí koríko ti wọ́n?"

Ó ń kó wọn jáde lábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí Àǹtí Mọrádéùn wọlé, tó ti wọ bàtà Òkè-Ilẹ̀, tó ní wọ́n ti rí ọkọ̀ Ìgbìmọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Oríyọmí fà á síta, ó fi fọ́nrán mẹ́fà náà hàn án. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ojú tíṣà ti dà. Ó ní kó tú u kíákíá, wọ́n á ki mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà, àwọn méjèèjì á jọ ṣe é. Oríyọmí ní òun ò lè tú u. Àǹtí Mọrádéùn ní ọmọ yìí, ọjọ́ mẹ́fà ló yàtọ̀, mẹ́ta ni òfin gbà. Oríyọmí ní òun mọ̀. Ó ní ọwọ́ Ìyé ni. Tíṣà wò ó títí, ó fẹ́ bínú, kò rí ìbínú ṣe. Ọdún mẹ́ta tó ti lò lọ́dọ̀ wa, ó ti mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ.

Fèrè ọkọ̀ dún.

Ọkọ̀ Ìgbìmọ̀ kì í fara kan omi, ó máa ń fò lókè rẹ̀ díẹ̀ bíi kòkòrò. Ọkùnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì, olùyẹ̀wò wọn, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti rẹ̀, tó kí gbogbo àgbàlagbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Akàn ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Àwa la sọ ọ́ ní Akàn, ẹ̀rọ náà ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé wọn. Ó tó abọ́ ìfọṣọ, ẹsẹ̀ mẹ́fà, ojú kan lábẹ́ ikùn. Àwọn irin róbótó tí Ìgbìmọ̀ ti jù sínú omi wa láti ọdún mélòó kan wá, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n wà, ẹyin Akàn la ń pè wọ́n. Ohun tí ẹyin bá rí ni Akàn máa fi wé ẹní.

Gbogbo ìlú ti pé sí èbúté, àwa bí irinwó. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀. Akàn gun orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ó ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Oríyọmí dúró ti Ìyé, fọ́nrán dúdú mẹ́fà wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó ń kà nínú ara rẹ̀. Ọgọ́ta. Akàn kọjá. Àádọ́fà. Ó kọjá. Lójú rẹ̀, gbogbo ibi tí Akàn bá kọjá, ṣéènì kan ló ń já.

Akàn dé òpin, ó dúró. Ó ní:

"Igba ó lé mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ bára mu."

Ariwo tó sọ, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn obìnrin ń jó lórí pákó débi tí àgbá ń wọ omi. Ẹnìkan gbé Àǹtí Mọrádéùn sókè. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, bàbá onípẹ́pẹ́yẹ, tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ ní igun ìwọ̀ oòrùn, òun ló ń pariwo jù, ó ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ yìí á gbà wá.

Oríyọmí ò jó. Ó lọ bá olùyẹ̀wò, ó kúnlẹ̀. Ó bi í bóyá òun lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ Akàn. Olùyẹ̀wò ní kó béèrè, ẹlẹ́rìí ló ti dà báyìí.

"Ọjọ́ ọgọ́ta," ló wí, "kí ni ẹyin rí?"

"Omi dáa," Akàn wí.

"Ṣé kò rí nǹkan mìíràn?"

Akàn ní, "Ìdọ̀tí ojú. Ọjọ́ mẹ́fà ló ní ìdọ̀tí ojú. A ti nù ún."

Ó bi olùyẹ̀wò pé kí nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́, ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ náà nìyẹn, pé tí ó bá rí ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò jọ ti àná, tí kò jọ ti ọ̀la, á gbà pé ẹrẹ̀ ló bo ojú òun, á fi ohun tó jọ àwọn ìyókù dí i, kí ìwé lè tẹ́jú.

Ẹ rí i bí? Ohun tí Ìyé ṣe lẹ́bàá ààrò náà ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti máa ṣe.

Oríyọmí fa fọ́nrán mẹ́fà náà yọ lábẹ́ aṣọ, ó fi wọ́n hàn án. Ó sọ ọjọ́ wọn fún un. Láàárín àkọ́kọ́ àti ìkejì, àádọ́ta ọjọ́. Ìkejì sí ìkẹta, ogójì. Lẹ́yìn náà méjìdínlọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn náà mẹ́wàá péré. Ó ní ó ń súnmọ́ra, sà. Ó ní lọ́jọ́ ìkẹfà, pẹ́pẹ́yẹ mẹ́tàlélógún sùn sórí omi ní igun ìwọ̀ oòrùn, wọn ò jí, gbogbo àdúgbò ń rùn bí ẹyin jíjẹrà. Omi yẹn kò kàn kú lásán, ó ń mí èémí mìíràn síta, àwa sì ń sùn lé e lórí.

Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì wo àwọn tó ń jó, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí Mọrádéùn ti súnmọ́ wọn, ó gbọ́ gbogbo ohun tó wí.

"Ọmọbìnrin, fetí sí mi. Ohun tí Akàn bá ti nù, kò sí lábẹ́ òfin mọ́, èmi ò lè dá a padà. Ẹní tó wà nílẹ̀ yìí yege. Tó o bá ki dúdú mẹ́fà yẹn sí i, ọjọ́ mẹ́fà ló yàtọ̀, a ó sì tú yín. Gba ìwé rẹ."

"Tí mo bá gba ìwé, ṣé a lè ṣí kúrò tí omi bá dé?"

Ìwé ẹlẹ́rìí máa so Orí-Àgbá mọ́bẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ṣéènì tuntun, àgádágodo Ìgbìmọ̀. Ẹní ti jẹ́rìí pé omi dáa, ta ló fẹ́ sá fún omi tó dáa?

Olùyẹ̀wò ní, "Rárá."

Oríyọmí wo tíṣà rẹ̀. Àǹtí Mọrádéùn, tó ti kọ lẹ́tà fún ọdún kan, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yege lójú gbogbo ayé, ó kàn mi orí, pé òun ò ní í sọ ohun tó máa ṣe fún un. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àlàfo ló ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà gbọ́ ọ.

Ọmọ náà padà sọ́dọ̀ Ìyé. Ẹ má gbàgbé, òun ò lè tú u. Kò sì lè sọ ọ́ níwájú èrò pé ọwọ́ Ìyé ló yọ wọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó gbé fọ́nrán mẹ́fà lé ìyá àgbà lẹ́sẹ̀.

"Ìyé, ẹ bá mi wò wọ́n. Mi ò ṣèèṣì. Ọjọ́ tí omi kú ni."

Ijó ń lọ lẹ́yìn wọn. Ìyé mú fọ́nrán kan, ó fi àtàǹpàkò rà á. Koríko tó bá ti wà nínú ẹní máa ń ní ojú ibi tó ti tẹ̀, ahunní sì máa ń kà á bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ka ìwé. Ó mú ìkejì. Ó mú ìkẹta. Nígbà tó dé ìkẹfà, ó bi í pé, "Ọjọ́ pẹ́pẹ́yẹ nìyí?"

"Ẹ̀n, Ìyé."

"Mo ní kí n máa wò ó pé kí ló dé tọ́wọ́ ọmọ mi yẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ó dìde. Ó rìn lọ sórí ẹní, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akàn, ó fi eyín já etí ẹní fúnra rẹ̀. Ijó dẹ́kun díẹ̀díẹ̀, bí òjò ṣe ń dá. Gbogbo wa dúró à ń wo ọ̀gá gbogbo ahunní tó ń tú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lójú ọjà. Kò yára. Ó fa funfun kan yọ, ó ki dúdú kan bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó kọjá sí ìkejì. Oríyọmí ń pe ọjọ́, òun ń ki í. Nígbà tó parí, ó di etí ẹní padà, ó tẹ́jú rẹ̀ fún Akàn.

Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe?"

"Mo tún un ṣe ni," Ìyé wí.

Akàn tún rìn. Ó dé òpin. "Mẹ́fà ò bára mu," ló wí, pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi wí ti àkọ́kọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Àwọn tó ń jó ló yíjú padà. Wọ́n bú ọmọ náà, wọ́n bú ìyá àgbà, wọ́n ní àjẹ́ ni wọ́n, wọ́n ní Òkè-Ilẹ̀ ló rán tíṣà wá fọ́ wa. Bàbá onípẹ́pẹ́yẹ ni tiẹ̀ le jù. Ó nawọ́ sí Oríyọmí lójú, ó ní, "Ẹni tí a ní kó gbà wá, òun ló tú wa. O ò ní rí ilé gbé." Ọmọ náà ń ká ẹní rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin nínú ọjọ́ méje náà, ẹja léfòó síwájú ilé mẹ́sàn-án. Àwọn èèyàn ní ẹnu Oríyọmí ló fà á.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n já ṣéènì. Wọ́n kó wa sí àgọ́ mẹ́ta ní Òkè-Ilẹ̀, kèké ni wọ́n fi pín wa, ọkọ lọ síbí, aya lọ sọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn náà, àwọn apẹja tó ń kọjá níbi tí Orí-Àgbá wà tẹ́lẹ̀ rí i pé òkun ibẹ̀ dúdú bí aró ìdí ìkòkò. Lékeléke tó fò gba òkè rẹ̀ já bọ́. Àwọn méjì nínú wọn dákú sínú ọkọ̀, àwọn yòókù ló wa ọkọ̀ padà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀. Irinwó èèyàn ni ì bá sùn lé e lórí, ẹ̀yin ará mi, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Tí ẹ bá lọ wo ìwé Ìgbìmọ̀ lónìí, omi dáa lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọn ò fún Oríyọmí ní ìwé ẹlẹ́rìí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi ni bàbá onípẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́tàlélógún yẹn, tèmi ni. Mo mọ̀ pé wọ́n sùn tí wọn ò jí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kó wọn, imú mi gbóòórùn ẹyin jíjẹrà, síbẹ̀ mo nawọ́ sí ọmọ náà lójú. Ọdún méjì ló gbà mí kí n tó lè rin ìrìn ọjọ́ kan lọ sí Àgọ́ Kejì. Mo bá a lábẹ́ igi, òun àti àwọn ọmọ àgọ́ mọ́kànlá, wọ́n ń hun òjò báyìí. Ìyé jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ lórí itan. Koríko wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tó ti tú ẹní náà.

Mo dọ̀bálẹ̀. Oríyọmí ní, "Ẹ dìde, bàbá." Kò bá mi jà. Ó na fọ́nrán dúdú kan sí mi, ó ní kí n hun ọjọ́ pẹ́pẹ́yẹ mi fúnra mi. Mi ò hun ẹní rí láyé mi. Mo ki í bọ̀ ọ́, ó wọ́, ó yọ gọngọ sóde bí eyín arúgbó. Ìyé wò ó. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó gbéra, tó dé agbede méjì ọ̀nà. Ó dá a dúró. Ó dá a padà sórí itan rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyí. Tí omi tàbí òjò tàbí atẹ́gùn bá ti ṣe ohun tí kò jọ ti àná lọ́dọ̀ yín, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ hun ún, ẹ yà á, ẹ fi orin kọ ọ́, ẹ kàn lè so kókó sára okùn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí Oríyọmí ní Àgọ́ Kejì, lábẹ́ igi. Tó bá wọ́, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe wọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.